Ìwé Ogun Tó Bá Ọkọ̀ Lọ

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Rolla, àárín ìlú Sharjah nílẹ̀ àwọn Lárúbáwá, ìdérí fúláàsì kan wà tí mo fẹ́ ju gbogbo ohun tó wà láyé lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lásìkò kan náà mọ irú fúláàsì tí mò ń wí, èyí tó pupa, tí wọ́n ya òdòdó sí lára, tí ìdérí rẹ̀ ṣeé fi ṣe ife. Bàbá mi ní ọ̀kan. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kí wọ́n tó kírun dé, màmá mi á ti po karak kún inú ẹ̀, tíì oníwàrà tó ki, tó ń ta sánsán, tí ṣúgà rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ni létè. Ẹni tó bá ka ìwé fún bàbá mi lọ́jọ́ náà ló máa ń fi ìdérí yẹn mu tíì. Àwa yòókù, ife rọ́bà ni tiwa. Ẹni tó ń kàwé yẹn kì í ṣe èmi, ibẹ̀ sì ni gbogbo wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Yàrá kan àti pálọ̀ la ní, lẹ́yìn ibùdókọ̀, lókè pátápátá. Kọ́tìnì ni wọ́n fi pín pálọ̀ sí méjì, àwọn bọ̀dá méjì tó ń ṣe iṣẹ́ síkiọ́rítì sì gba bedspace, àyè ibùsùn lásán, ní ẹ̀yìn kọ́tìnì. Òórùn ẹja gbígbẹ tiwa àti òórùn àlùbọ́sà dídín tàwọn ará Pakistan tó wà nísàlẹ̀ máa ń pàdé lórí àtẹ̀gùn, kò sí èyí tó ń yà fún èkejì. Khubus, búrẹ́dì pẹlẹbẹ àwọn Lárúbáwá, la fi ń jẹ ẹ̀wà, nítorí kò sí búrẹ́dì tó ní láárí lójú màmá mi ní gbogbo Sharjah. Iṣẹ́ tèmi nínú ilé ni láti máa da omi tó ń kán láti ara ẹ̀rọ amúlétutù nù láàárọ̀ àti lálẹ́, kí báágẹ́dì má baà kún àkúnya, kí n sì máa bu ọṣẹ sí aṣọ iṣẹ́ bàbá mi tí gírísì ti gbẹ mọ́. Tí mo bá ṣe tán, màá bá àwọn ọmọbìnrin Pakistan ṣe ten-ten lẹ́nu ọ̀nà. A ò gbọ́ èdè ara wa, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ojóró.

Bàbá mi ní yáàdì kékeré kan ní Industrial Area. Ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n ń rà níbẹ̀, tí wọ́n ń dì í sínú kọ́ńténà lọ sílé. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rí ìwé. Tí iṣẹ́ bá parí mọ́ àwọn àlejò lọ́wọ́ nílùú yìí, tí wọ́n ń padà sí ìlú wọn, wọ́n á ta gbogbo ẹrù ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ìkòkò, fáànù, bẹ́ẹ̀dì ọmọdé. Àwọn tó ń ra ẹrù àlòkù á kó ìwé inú rẹ̀ sínú páálí kan, ẹnikẹ́ni kì í wò ó. Bàbá mi nìkan ló ń wò ó, ẹ̀yà kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń ṣà níbẹ̀. Ìwé ogun ni. Kì í ṣe ìtàn àròsọ o. Ìwé tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ogun àgbáyé, ogun àwọn Lárúbáwá, ogun tí àwọn baba wa bá ara wọn jà nílẹ̀ Yorùbá. Màmá mi máa ń bi wọ́n pé ṣé ìjà inú ilé yìí ò tó wọn ni.

Ṣùgbọ́n omi bátìrì ti ta sí bàbá mi lójú kan rí. Tí wọ́n bá tẹ ojú mọ́ lẹ́tà kéékèèké fún ìgbà díẹ̀, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú náà. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ máa kà á fún wọn. Ẹni náà ni Ráfátù.

Ẹ̀gbọ́n Ráfátù, kí n tó gba ìfọ́tí. Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ, síbẹ̀ mo gbọ́dọ̀ pè é ní ẹ̀gbọ́n, kí n sì máa "ẹ" ẹ́. Ìwó ló ti wá bá wa. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé ọmọ ìdílé wa ni, pé bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ò lágbára, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa kó lè kàwé. Ọmọ ọdún méjìlá ni, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó dé pẹ̀lú àpò kan àti Gẹ̀ẹ́sì tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò.

Mo jowú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí mo ti dàgbà kọjá kí n máa yí i lóhùn. Mo jowú ọrùn rẹ̀ tó máa ń nà tó bá ń kàwé. Mo jowú bí bàbá mi ṣe ń di ojú, tí wọ́n ń mi orí díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n á ní, "O káre, Ráfátù." Mo máa ń kà á. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó gba "o káre" mẹ́fà, èmi gba ẹyọ kan, torí pé mo da omi báágẹ́dì nù. Mo da iyọ̀ sínú ògì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó mu ún tán, ó ṣan abọ́, ìyẹn tún bí mi nínú.

Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé inú balùwẹ̀ ni mo ti ń kọ́ ìwé kíkà. Màá ti ilẹ̀kùn, màá máa fi ohùn rara ka ẹ̀yìn ike ọṣẹ ìfọrun bí ẹni ń ka ìròyìn ogun. Nígbà tó yá, mo bẹ bàbá mi pé kí wọ́n jẹ́ kí èmi náà kà lọ́jọ́ kan. Wọ́n gbà. Ìlà mẹ́rin ni mo kà. Ìlà kejì ni mo ti fo ọ̀rọ̀ méjì, ìlà kẹrin ni mo ti kan ipò ọ̀gá ṣọ́jà kan, kọ́nẹ̀ẹ̀lì, mo sì pè é "kò-lò-nẹ́ẹ̀lì". Àwọn bọ̀dá síkiọ́rítì bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn kọ́tìnì. Bàbá mi ní, "Ó tó. Gbé e fún ẹ̀gbọ́n ẹ." Ẹ̀gbọ́n Ráfátù ò rẹ́rìn-ín. Ì bá tiẹ̀ rẹ́rìn-ín ni, ara ì bá tù mí.

Bàbá mi ní ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń bi Ẹ̀gbọ́n Ráfátù tó bá ti ka orí kan tán. Wọn kì í bi í pé ta ló ṣẹ́gun. Wọ́n á ní, "Ta ló sin àwọn tó kú?" Ẹ̀gbọ́n Ráfátù á padà sẹ́yìn, á wá a títí, á ní, "Ìwé ò sọ, Bàbá." Bàbá mi á ṣí ìdérí fúláàsì, wọ́n á bu karak sí i, wọ́n á nà án sí i. Mo rò pé ìbéèrè àgbàlagbà lásán ni. Ìdérí yẹn nìkan ni mò ń wò.

Ọjọ́ kan wá dé tí páálí kan wá láti ilé ẹnì kan tó ń kó lọ. Ìwé kan wà nínú rẹ̀ lórí ogun abẹ́lé tiwa, ogun Biafra. Ó nípọn, èèpo rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Bàbá mi ò fi í sí ìdí àwọn ìwé yòókù. Wọ́n ra pẹ́ńsù tuntun. Bí Ẹ̀gbọ́n Ráfátù bá ń kà á, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á gba ìwé náà, wọ́n á fi ojú tó ń ṣomi yẹn kọ nǹkan sí etí ìwé, ní Yorùbá, ní lẹ́tà kéékèèké. Wọn ò kọ nǹkan sínú ìwé rí láyé wọn. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì á kó orí jọ, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ọ̀rẹ́ méjì. Mo bi wọ́n ohun tí wọ́n ń kọ, wọ́n ní kí n lọ da omi nù. Ìgbà tí mo gbọ́ tí bàbá mi sọ fún un pé, "Jímọ̀ tó ń bọ̀ la ó kan ibẹ̀," ọkàn mi gbóná. Ibo ni wọ́n fẹ́ kàn tí èmi ò mọ̀? Bàbá ta ni?

Ilé ìwé ti wà nínú ìsinmi nígbà yẹn, bàbá mi sì máa ń mú mi lọ sí yáàdì ní Tọ́sìdeè àti Sátidé kí n lè bá wọn to nọ́ọ̀tì àti bóòtù sínú agolo. Láàárọ̀ Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ yẹn, mo yọ ìwé náà lábẹ́ ìrọ̀rí Ẹ̀gbọ́n Ráfátù, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi í sí, mo tì í sínú báàgì mi. Ètò mi dára gan-an lójú mi. Màá tọ́jú rẹ̀ sí yáàdì. Lọ́jọ́ Jímọ̀ wọn ò ní rí i, wọ́n á mọ̀ pé aláìbìkítà ni Ẹ̀gbọ́n Ráfátù. Ní Sátidé, èmi ni màá "rí i". Ìdérí fúláàsì á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó tọ́ sí.

Corolla funfun kan wà ní igun yáàdì. Wọ́n ti ta táyà ìpààrọ̀ rẹ̀, ihò ibẹ̀ sì ṣófo lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì bùútù. Kí n tó tì í síbẹ̀, mo ṣí ìwé náà, mo ka ìlà kan ṣoṣo nínú ohun tí bàbá mi fi pẹ́ńsù kọ. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pè mí, mo pa á dé, mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì padà.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo gbàgbé, èmi ọmọ yáàdì. Ọkọ̀ tó bá ń lọ sílé kì í lọ lófìfo. Wọ́n máa ń dì í ni. Táyà á wọ ẹ̀yìn, ẹ́ńjìnnì á wọ bùútù, tẹlifíṣọ̀n àti àpò aṣọ á dí gbogbo àyè tó kù, títí ilẹ̀kùn á fi kọ̀ láti pa dé, tí àwọn òṣìṣẹ́ á máa fi ìdí tì í, "yalla, yalla!", ó yá, ó yá. Gbogbo ìgbà tí mo bá wà ní yáàdì ni mò ń wò ó. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n wá ìwé, wọn ò rí i. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n tiẹ̀ bẹ àwọn bọ̀dá ẹ̀yìn kọ́tìnì pé kí wọ́n wo ẹrù wọn. Màmá mi bínú. Wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n Ráfátù gbé e lọ fi ṣe fáàrí lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó kúnlẹ̀, kó kọjú sí ògiri, kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, títí báágẹ́dì abẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù á fi kún. Ẹ̀yin náà mọ irú ìjìyà yẹn. Omi náà ń kán tó, tó, tó. Nígbà tó kún, èmi ni mo lọ gbé e, mo kọjá lára rẹ̀, apá rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó wò mí. Mo gbé omi mi, mo lọ.

Bàbá mi ò bá a wí. Wọ́n ní kó dìde, wọ́n jókòó tì í lórí ẹní. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n ní, "Bàbá bàbá ẹ ni mò ń wá nínú ẹ̀, Ráfátù." Bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Sùlé. Sùlé wọ iṣẹ́ ṣọ́jà nígbà ogun náà, ó fi ìyàwó tó lóyún sílẹ̀, kò padà wálé. Kò sí lẹ́tà, kò sí òkú, kò sí sàréè. Oyún yẹn ni bàbá Ráfátù. Orí tí wọ́n fẹ́ kà lọ́jọ́ náà ni orí tó sọ̀rọ̀ nípa ibi tí wọ́n gbọ́ pé wọ́n kó àwọn Sùlé lọ.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Mo ní lọ́kàn ara mi pé, ó di ọ̀la, Sátidé ò jìnnà. Kí n má purọ́ fún yín, nǹkan mìíràn tún wà lọ́kàn mi. Mo ń jowú. Mo ń jowú pé òun ló ni bàbá àgbà tó kú sógun, pé èmi ò ní nǹkan kan tí bàbá mi lè máa bá mi wá. Ọmọdé burú.

Nígbà tí a dé yáàdì ní Sátidé, igun yẹn ṣófo, kìkì epo dúdú tó kán sílẹ̀ ló kù. Mo sá lọ bá Chacha, bàbá ará Pakistan tó máa ń di ọkọ̀. Kọ́ńténà ti dé ní Tọ́sìdeè lẹ́yìn tí a lọ tán, wọ́n di gbogbo rẹ̀ tán láàárín wákàtí mẹ́ta, ó ti wà ní èbúté. Chacha nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síra wọn. "Khalas, béètì. Gone." Ó ti parí, ọmọ mi, ó ti lọ, ni ó ń sọ. Mo lọ jókòó sẹ́yìn òkìtì táyà títí bàbá mi fi pè mí.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ta ọkọ̀ náà fún ẹnì kan ní Èkó, ẹni yẹn ta á fún ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, màmá mi po karak, ṣùgbọ́n bàbá mi ní orí ń fọ́ àwọn. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, wọ́n tan rédíò. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé kíkà ṣe parí nílé wa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fúláàsì náà lọ síbi iṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún kan, Ẹ̀gbọ́n Ráfátù ní òun fẹ́ padà sọ́dọ̀ ìyá òun, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sílé. Èmi nìkan ló kù fún bàbá mi, bí mo ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́.

Ó ti lé ní ogún ọdún. Mo ń ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Dubai Marina báyìí, tí mo ń rẹ́rìn-ín sí àwọn tó wá sùn níbi tí omi ti ń dán, ṣùgbọ́n Sharjah ni mo ṣì ń gbé, mo sì ń wọ bọ́ọ̀sì lọ wọ bọ́ọ̀sì bọ̀. Màmá mi wà nílé, ní Ìwó. Ọ̀dọ̀ mi ni bàbá mi wà, ojú wọn méjèèjì ti ṣú tán. Ọjọ́ Sọ́ńdè tí mo bá wà nílé, èmi ni mò ń kàwé ogun fún wọn. Mi ò pe kò-lò-nẹ́ẹ̀lì mọ́. Wọ́n á bu karak sí ìdérí fúláàsì, wọ́n á nà án sí mi. Fúláàsì náà ṣì wà, òdòdó ara rẹ̀ nìkan ló ti ṣí.

Nínú ìsinmi tó kọjá yìí, Ẹ̀gbọ́n Ráfátù wá kí wa fún ọ̀sẹ̀ kan. Olùkọ́ ni wọ́n, ìtàn ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìbàdàn. Ní Sọ́ńdè, àwa mẹ́ta jókòó. Ẹ̀gbọ́n Ráfátù mú ìwé ìkọ̀wé kékeré jáde nínú àpò wọn, wọ́n sì bi bàbá mi pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kọ sínú ìwé yẹn nípa bàbá àgbà mi?"

Bàbá mi gbé fúláàsì sórí itan wọn. Wọ́n ní, "Sùlé ga." Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ kí orí mi lè sinmi ni. Ohun tí mo kọ, mi ò gbé e lọ́kàn mọ́. Ó ti lọ."

Mo kúnlẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì, èmi abiyamọ, mo ní, "Èmi ni mo gbé e. Inú ọkọ̀ ni mo fi í sí. Owú ló ń jẹ mí."

Ẹ̀gbọ́n Ráfátù ní, "Mo mọ̀, Kúdí. Mo rí ẹ nígbà tí o yọ ọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí. Mo ń retí pé kí o sọ ọ́ fúnra ẹ."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Bàbá tìẹ ni. Tí mo bá fẹjọ́ ọmọ sun bàbá rẹ̀, níbo ni màá sùn? Èmi náà ń jowú ẹ, o ò mọ̀ ni. Ìwọ, o lè ba nǹkan jẹ́ kí wọ́n ṣì máa pè ẹ́ ní ọmọ."

Mo wá sọ ìlà kan ṣoṣo tí mo kà lọ́jọ́ tí mò ń tì í sínú bùútù. N kò gbàgbé rẹ̀ rí. Bàbá mi kọ ọ́ pé: *Lọ́jọ́ tó ń lọ, Sùlé sunkún lẹ́yìn ilé, ó ní kí n má jẹ́ kí ìyàwó òun mọ̀.* Ẹ̀gbọ́n Ráfátù kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Bàbá mi yí ojú tí kò ríran mọ́ sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní, "Ta ló sọ ìyẹn fún ẹ?" Wọ́n bu karak sí ìdérí fúláàsì. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi.

Nígbà yẹn, ìwé kan ṣoṣo lè mú gbogbo ilé jókòó. Lónìí, ọmọ tèmi ní gbogbo ogun ayé lórí fóònù rẹ̀, kò sì wo ọ̀kan rí. Nígbà yẹn, ọjọ́ Jímọ̀ ni ìsinmi. Lónìí, Sọ́ńdè ni. Ohun kan ṣoṣo ni kò yí padà lára mi, owú yẹn ni. Ẹni tí mò ń jowú nígbà yẹn ń sùn lórí ẹní kan náà pẹ̀lú mi. Ẹni tí mò ń jowú báyìí, mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Bóyá mẹkáníìkì ni, bóyá dírẹ́bà ni, ẹnì kan nílé tó gbé kápẹ́ẹ̀tì bùútù Corolla funfun kan, tó bá ìwé níbẹ̀, tó sì jókòó kà á. Ó mọ Sùlé ju ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ. Ó mọ bàbá mi jù mí lọ.